Ṣọ́bìrì Ìbídùn

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dé sí àdúgbò wa ní Wínípẹ́ẹ̀gì,
ọkọ̀ dúdú méjì, wọn ò pa ẹ́ńjìnnì.
Yìnyín ti ga dé orúnkún lẹ́nu ọ̀nà Màmá Friesen.
Ọmọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn mi, imú rẹ̀ pọ́n bí ata:
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ṣọ́bìrì? Tiwa ti tuntun jù,
kò jọ ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́."

Mo fún un ní tiwa, èyí tó ti sán létí,
tí ọmọ mi fi ọ̀dà èékánná kọ orúkọ sí lọ́rùn:
ÌBÍDÙN, pupa bí osùn, lẹ́tà wíwọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Boychuk sọ̀kalẹ̀.
Wọ́n bọ́ kóòtù olówó ńlá lára rẹ̀,
wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá wọ̀ ọ́.
Obìnrin kan fi ìka da irun rẹ̀ rú,
òmíràn bu yìnyín wẹ́wẹ́ wọ́n sí èjìká rẹ̀
bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Ó kó o lẹ́ẹ̀kan.
"Ẹ rọra, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó rẹ̀ yín díẹ̀."
Ó kó o lẹ́ẹ̀kejì, ó mí kanlẹ̀.
Lẹ́ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀rín tí wọ́n ń wá tó jáde.

Màmá Friesen ń juwọ́ lójú fèrèsé,
ó rò pé àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ni.

Kí n tó wọ bàtà tán, wọ́n ti lọ.
Ṣọ́bìrì bá wọn lọ.
Báàfù ìfọṣọ ni mo fi kó ìyókù,
wákàtí kan àti ààbọ̀, ìbàdí mi ń ké;
kò sẹ́ni tó ya ìbàdí ní fọ́tò.

Mo mọ irú wọn nílé:
ẹni tó jókòó ti alágbàdo ní bèbè títì,
tó gé àgbàdo jẹ níwájú kámẹ́rà, tó gbàgbé owó.
Àṣé òkun nìkan ni mo kọjá.

Nígbà tí oòrùn padà dé, pátákó yọ ní ibùdó bọ́ọ̀sì:
ỌWỌ́ TÓ Ń ṢIṢẸ́.
Ìbídùn fa aṣọ mi: "Dádì, orúkọ mi!"
Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀, lábẹ́ àtàǹpàkò ọkùnrin náà.
Òun nìkan ni wọn ò tún ṣe.

Ó wọlé.
Ìbídùn kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì rẹ̀:
ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ṣọ́bìrì mi padà, yìnyín ti ń bọ̀.
Èsì dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì,
páálí fífẹ̀ kan: àwòrán rẹ̀, ó buwọ́ lù ú,
ẹ̀rín ẹ̀ẹ̀karùn-ún yẹn gan-an.

Mo fi kọ́ ìṣó gáréèjì
tí ṣọ́bìrì ń gbé tẹ́lẹ̀.