Àkún Tó Rẹ́

Múrelé gbé kọ̀m̀pútà rẹ̀ ka orí àpótí.
Nẹ́pà ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́,
ojú ẹ̀rọ nìkan ló ń tàn ní pálọ̀ wa lọ́nà Ọ̀dà.
"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo ẹ́síréè tèmi náà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ya ẹ́síréè
ní ọsibítù ìjọba l'Ákùúrẹ́ yìí:
egungun ìhà ọlọ́kadà, orúnkún arúgbó,
owó ẹyọ kan lọ́nà ọ̀fun ọmọdé.
N kò rí irú eléyìí rí.

Dúdú ni. Àwọn àmì funfun ṣù jọ láàárín,
wọ́n fọ́n ká létí, bí ìgbà tí okùn já.
Ó ní àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan nìyẹn,
aládùúgbò wa, tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín.
Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ọdún,
kó tó di pé àkún rẹ́ lọ́rùn ẹnikẹ́ni
tí a fi ń pe ìlú yìí ní Àkúrẹ́.

"Kí ni wọ́n?"
"Ìràwọ̀ méjì-méjì ni. Ọ̀kan ti kú, èkejì wà láàyè.
Òkú ló ń fa ara alààyè jẹ.
Òkèlè yẹn ló ń gbóná tó fi ń tan ẹ́síréè."
Mo ní, "Orí burúkú!"
Ó ní, "Rárá o. Fisíìsì ni."

Wákàtí mẹ́rìnlá ni ẹ̀rọ òfuurufú fi tẹjú mọ́ àmì kan,
èyí tó wà lápá òsì yìí. Ẹyọ ìtànṣán mẹ́sàn-án ló rí gbà.
Mẹ́sàn-án! Tèmi kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan:
"Ẹ fa èémí sínú. Ẹ dì í mú. Ó tán, ẹ mí."

Bí mo ṣe wí fún Bàbá Orímisàn nìyẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
àgbẹ̀ kòkó, ó wọ mọ́tò wá láti ìlú Oǹdó,
ó ká fìlà sápò, ó gbé àyà lé pátákó tútù.
Mo gbé fíìmù síwájú iná.
Mo ka àmì. Mo tún un kà.
Ó bi mí ní ohùn Oǹdó bóyá ó dára.
Mo ní, "Dókítà ni yóò sọ."

Múrelé ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀kan wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá
tí kò sí mọ́ lọ́dún yìí;
bóyá oúnjẹ ló tán fún un,
bóyá yóò tún tàn.
Bátìrì ti fẹ́ kú.
Mo ní kó má tíì pa á.
Mo fi ìka lé gíláàsì, mo ń kà láti etí wọnú,
àfi ìgbà tí mo rí i pé mo ti di èémí mú.