Ìbéèrè Keje

Ní Ìlúpéjú, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike,
mo máa ń gun àtẹ̀gùn lọ sílé Jígínẹ́ṣì
lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àti lọ́jọ́bọ̀.
Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bọ́ bàtà.
Ìyá rẹ̀ á gbé tíì alátalẹ̀ wá, á sì kúrò níbẹ̀ jẹ́ẹ́.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Yábàá ni wọ́n bí i sí,
kò fojú kan Íńdíà rí
àfi nínú fóònù ìyá bàbá rẹ̀.
Síbẹ̀, ìwé ìbéèrè tó wà níwájú wa,
Íńdíà ni láti òkè délẹ̀.

Èmi tí wọ́n ní kí n wá kọ́ ọ, ará Ìdí-Oró ni mí.
Alẹ́ àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ:
mo jókòó ti iná oníbátìrì,
mo ń pe orúkọ odò tí kò rọ̀ mí lẹ́nu
bí ìyàwó tuntun tó ń kọ́ oríkì ilé ọkọ.

Ìkíní: Kí ni kọ́ńpìnnì náà wá ṣe nílẹ̀ wọn?
Ó ní, “Òwò ni.”
Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Mo ní kó fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀,
torí àlejò tó bá ní òwò lòun bá wá,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán ní ìlà kan.
Àwa náà mọ̀ ọ́n, ní Èkó níbí.

Ìkejì, ti ẹ̀lú.
Àgbẹ̀ tí wọ́n fi tipá mú gbin ẹ̀lú
sórí ilẹ̀ tí ìrẹsì ìbá wà.
Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé.
Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni, l'Ébùúté-Mẹ́tta;
èékánná rẹ̀ dúdú títí wọ́n fi sin ín.
Kò sọ fún mi rí pé ẹnì kan sunkún nítorí ẹ̀lú.
“Àǹtí, kí ni ẹ̀lú?”
Mo tọ́ka sí jíǹsì tó wọ̀. “Àwọ̀ yìí ni.”
Ó wo orúnkún ara rẹ̀
bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ rí egbò níbẹ̀.

Ìkẹta, owó orí iyọ̀.
Wọ́n fẹsẹ̀ rìn títí dé etí òkun
láti lọ bu ohun tí òkun ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.
“Ṣé òkun tiwa náà ní iyọ̀?”
Ó ní in.
“Ta ló ni ín?”
Mo rántí géètì tí wọ́n ti ń gbowó kéèyàn tó tẹ yanrìn.
Mo ní ká máa bá ìkẹrin lọ.

Ìkẹrin: ohun àmúṣọrọ̀ tó lè tán, èyí tí kò lè tán.
Oòrùn. Afẹ́fẹ́. Iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ ike bú ramúramù,
ẹnì kan ń pariwo nísàlẹ̀, “Ta ló jí dísù?”
Jígínẹ́ṣì kọ ọ́ nínú òkùnkùn: Epo. Ó lè tán.

A ṣe ìkarùn-ún, a fo ìkẹfà.

Ìkeje: Ta ni aṣojú wọ́ọ̀dù yín?
Dárúkọ ohun méjì tó ti ṣe.
Ti abúlé wọn yé mi dáadáa:
ìgbìmọ̀, ìpàdé gbogbo ará ìlú,
iye àga tí òfin yà sọ́tọ̀ fún obìnrin.
Ọmọ náà ní, “‘Yín’ ni wọ́n kọ, Àǹtí.
Ibí ni mò ń gbé.”
Mo la ẹnu. Kò sí orúkọ níbẹ̀.

Mo bi fọkanáísà ní kọ́nà wa.
“Káńsẹ́lọ̀ kẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín títí táyà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Oníkẹ́míìsì ló rántí: ó pín ìwé fáwọn ọmọ lọ́dún ìdìbò,
àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé.
Mo délé, mo yí ìwé tí mo fi ń múra sílẹ̀ padà.
Òun nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo odò Íńdíà,
ó ń rẹ́rìn-ín; òróró ti jẹ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ mo mú un lọ.
Jígínẹ́ṣì fi rúlà wọn irùngbọ̀n rẹ̀.
Ó ní, “Ó ṣe ìwé.”
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Ó ṣe ìwé.
Ó gbójú sókè wò mí.
“Ó ku ọ̀kan.”