Ọgbọ̀n Ọdún

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní yàrá abẹ́lẹ̀ ilé ìkàwé,
àwa mọ́kànlá jókòó sórí àga àwọn ọmọdé,
orúnkún wa ń kan àgbọ̀n.
Marlys Thorson, tó fi báńkì sílẹ̀
nígbà tí ojú rẹ̀ ò gba nọ́ńbà mọ́,
kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sára pátákó: MỌ́GÉÈJÌ.
Ó ní, "Ẹ má sá fún un. Ẹ kọ́kọ́ kí i ná."
A rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó kí i.

Èmi Aili Niskanen, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì,
awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní Duluth,
mo mọ bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí yìnyín bò
tí ogójì ọmọ ń pariwo lẹ́yìn ẹni.
Èlé ni n kò mọ̀.
Mo rò pé bí iyọ̀ ni: díẹ̀ lórí ọbẹ̀, ó parí.
Marlys ní kí n ka ìlà tó gbẹ̀yìn ìwé.
Mo kà á. Mo tún un kà.
Ilé kan ni mo fẹ́ rà,
owó ilé méjì ni n ó san.
Ilé kejì yẹn, ta ló ń gbénú rẹ̀?

Mo ní, bí n kò bá wá rí san ńkọ́?
Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Ilé yẹn náà lo fi dógò.
Ìwọ̀fà ni. Ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò máa sùn,
báńkì ni yóò máa sìn."

Ogójì ọdún ni bàbá mi, Toivo, fi sanwó ilé fún Lindqvist.
Ó ń kó irin sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́sàn-án,
lálẹ́ kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri.
Àwòrán ìyá mi, orí àga ló dúró sí títí.
Ó kú lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù;
wọ́n ní ká kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí oṣù tó pé.

Báńkì kọ́kọ́ kọ̀ mí.
Gbèsè ọgọ́ta dọ́là kan wà lọ́rùn mi,
owó eyín tí wọ́n yọ lọ́dún méje sẹ́yìn.
Eyín ti lọ,
gbèsè rẹ̀ ṣì ń bù mí jẹ.
Mo san án. Mo dúró de oṣù mẹ́fà.
Mo jẹ ẹ̀wà inú agolo débi pé ológbò mi ń wò mí tàánútàánú.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Èmi ti sọ ọ́ lórúkọ kí n tó wò ó:
mo ti ń pè é ní tèmi látojú fèrèsé bọ́ọ̀sì,
ilé aláwọ̀ ewé tó fì sí ẹ̀gbẹ́ òkè bí ẹni ń gbọ́ àṣírí.
Duane tí ń yẹ ilé wò tan tọ́ọ̀ṣì.
Òrùlé, ọdún mẹ́rin ló kù fún un.
Ẹ̀rọ amúlégbóná dàgbà jù mí lọ.
Ó fìka kan ògiri abẹ́lẹ̀, ìka rẹ̀ tutù.
"Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"
Mo ní kí wọ́n yọ owó ògiri kúrò.
Wọ́n yọ ìdajì.

Mo fọwọ́ síwèé títí orúkọ mi fi di àjèjì lójú mi.
Ọgbọ̀n ọdún. Marlys ní ọgbọ́n ni.
Àmì kékeré kan ló ya méjèèjì,
inú àmì yẹn ni n ó máa gbé
títí n ó fi pé mẹ́tàléláàádọ́rin.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, kò sí ibùsùn, kò sí àga.
Mo kan ìṣó kan mọ́ ògiri. N kò tíì gbé nǹkan kọ́ ọ.
Nísàlẹ̀, nínú òkùnkùn abẹ́lẹ̀,
omi ń kán: tó, tó, tó.
Omi tèmi.