Ilé Tí Kò Ní Fèrèsé

Ní Ṣómólú, níbi tí òórùn yíǹkì ti ń jí wa láàárọ̀,
mo ní tábìlì kan, àga kan, láptọ́ọ̀pù kan
tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti dá; bíríkì ni mo fi tì í.
Ó lo ọdún méje lọ́wọ́ ẹlòmíì kí n tó rà á n'Íkẹjà.

Fèrèsé ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà,
fèrèsé ayédèrú, tó ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé olè ni mí.
Màá tàn án, màá lọ ra búrẹ́dì, màá dé,
yóò ṣì máa yí bírípo bí ẹni ń wá ohun tó sọnù.
Bí oníbàárà bá dúró sí mi lọ́rùn,
á ní òun ń tún ara òun ṣe, ká má fọwọ́ kan òun.
Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.
NEPA mú iná.

Wáídì, ọmọ Àkókà, mú fíláàṣì kan wá tí kò ju èékánná lọ.
"Ẹ jẹ́ n bá yín yọ fèrèsé yìí."
Mo ní, ṣé atẹ́gùn á máa wọlé?
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ kan yọ lójú gíláàsì,
dúdú lẹ́yìn, funfun láyà, ó sanra, kò lè fò.
Línúùsì, ó ní, ẹ máa rọra bá a lò.

Má jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́: kò rọrùn.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò rí wáifáì,
okùn fóònù ni mo fi ń fa ńẹ́tíwọ́ọ̀kì sí i lẹ́nu
bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi fún aláìsàn.
Iṣẹ́ tí wọ́n fi Kọ́rẹ́ẹ̀lì ṣe, wọ́gọwọ̀gọ ló ń ṣí i,
orí ìyàwó níbí, orúkọ ọkọ lọ́hùn-ún;
mo ṣì ń sáré lọ bẹ Mọ́rèniké ní ṣọ́ọ̀bù kejì.
Mọ́rèniké ní: "Àìlówó ló sọ ara rẹ̀ di ọgbọ́n."
N kò fèsì. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí bàbá mi fi sílẹ̀,
tí fèrèsé ní òun ò mọ̀ rí,
ẹyẹ náà kí i lórúkọ.

Ọlọ́pàá kan dá mi dúró ní Onípaánù. Ṣí i.
Mo ṣí i. Lẹ́tà funfun ń tò lórí dúdú bí ìjàlọ.
"Yàhúù nìyí! Fèrèsé dà?"
Mo ní, ọ̀gá, ilé mi ò ní fèrèsé,
ilẹ̀kùn nìkan ló ní, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ.
Kò rẹ́rìn-ín. Wákàtí méjì
ni mo fi kọ́ ọ ní ohun tí èmi gan-an ò tíì mọ̀ tán.
Nígbà tó fi mí sílẹ̀, ó gba nọ́ńbà Wáídì:
láptọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ ń falẹ̀.

Lánàá ni Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ gbé iṣẹ́ ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá.
Àwẹ̀ró lorúkọ òkú.
Láyé fèrèsé, bírò ni mo fi ń sààmì lẹ́yìn títẹ̀,
igba ìwé, ọwọ́ á kú tipiri.
Ní báyìí, bọ́tìnnì méjì,
àmì á bà sórí lẹ́tà bí ológoṣẹ́ lórí wáyà.
Bàbá fi èékánná tọ orúkọ náà lójú gíláàsì,
ó pè é, bí ìyá wọn ṣe máa ń pè é.
Ó pẹ́ kó tó ní: "Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí ní Yorùbá?"

Mo fẹ́ sọ pé àwọn kan ni, n kò mọ̀ wọ́n,
wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi,
bóyá òru ni wọ́n ṣe é, bóyá otútù ń mú wọn.
Iná lọ. Bátìrì ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún.
Mo ní, Bàbá, ẹ jókòó,
ẹ jẹ́ n fi wọ́n pamọ́ kó tó kú.