Àlejò Tí Ò Jẹ́ Ká Gbálẹ̀ Tán

Oṣù Èrèlé la fàmì pupa sí lára kàlẹ́ńdà.
Ìwọ yọ sí wa nínú Ọ̀pẹ,
lóru, nígbà tí ọyẹ́ Zaria
ń la ètè àgbà bí ẹni ń la obì.
A ò tíì gbálẹ̀ tán.
Bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ káfíńtà ní Sámárù,
ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló ní.

Kílò kan àti díẹ̀.
Mo ti fọwọ́ kan gbé iṣu tó jù ọ́ lọ
láti ọjà Sábó wálé;
ọwọ́ ọ̀hún ló ń gbọ̀n yìí.

Sísítà Tàlátù ò bá mi fọ̀rọ̀ gùn:
"Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ."
Ó gbé ọ lé mi láyà,
ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́,
ó fi ìró Hàjíà Dèlú dì wá pọ̀.
Iná lọ. Èmi dàpótí amóoru.
Wọ́n ní ọkùnrin kì í pọnmọ.
Ó dáa, mi ò pọ̀n ọ́, iwájú lo wà.
Ẹniìtàn ń wò wá láti orí ibùsùn rẹ̀,
ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ojú rírán mú.

Rọra mí. Má sáré mọ́, o ti débẹ̀.
Orúkọ tá a ní nílẹ̀ gùn jù ọ́ lọ;
títí dọjọ́ kẹjọ, Ẹ-kú-ilé ni n ó máa pè ọ́,
nítorí àlejò ló ń kọ́kọ́ kí onílé.

Igbe rẹ ò ju ti ìlẹ̀kùn tó ń béèrè epo.
Mo gbọ́.
Káàbọ̀.