Àwo Ẹnu Ọ̀nà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a kò fi wẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ olóoru wa
ní erékùṣù Hailuoto, níbi tí òkun ti ń dì lọ́dọọdún.
Oiva kan pákó mọ́ fèrèsé,
ó fi aṣọ dúdú dí gbogbo ihò tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà yọjú,
ó ní, "Tuovi, yàrá òkùnkùn rẹ rèé.
A ó máa lọ wẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò."
Ìyá rẹ̀ kò fojú rere wo ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi kú.

Iná pupa kan, kékeré bí èso inú igbó.
Àwo mẹ́ta lórí àga gbọọrọ tí a ti ń jókòó làágùn tẹ́lẹ̀:
omi ìyọjú, omi ìdádúró, omi ìmúdúró.
Èkejì ń rùn bí ọtí tó ti kan.
N kò lo aago. Ẹnu ni mo fi ń kà á,
ení, èjì, ẹ̀ta.
Bí mo bá ka ogún, bébà funfun á ṣú díẹ̀,
bí ìgbà tí ẹnìkan ń bọ̀ láti inú kùrukùru
tí o kò tíì mọ̀ bóyá ẹni rẹ ni tàbí àlejò.
Gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà:
ojú, bàtà, ẹja ọwọ́ rẹ̀, ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ojú bá fẹ́ dúdú jù,
mo máa ń na àtẹ́lẹwọ́ sáàárín iná àti bébà,
mà á máa mì í díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń lé eṣinṣin lára ọmọ tó sùn.
Kò sí àwòrán ìyàwó kan ní erékùṣù yìí
tí òjìji ọwọ́ mi kò sí nínú rẹ̀.
Wọn ò mọ̀. Wọ́n ní,
"Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́ lọ́jọ́ náà!"

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bébà mi ti kógbá sílé.
Pihla, ọmọ ọmọ mi, wakọ̀ kọjá lórí òkun dídì,
ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wòrán wá, ó fi kúbùsù wé e.
Orí tábìlì oúnjẹ ló gbé e kà,
nínú ìmọ́lẹ̀, lọ́sàn-án gangan!
Ojú ń tì mí, bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ṣọ ní títì.

Mo fún un ní fíìmù Oiva, èyí tí mo yà kẹ́yìn.
Ó yọ sójú kọ̀ǹpútà.
Ìlà kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tí fíìmù ti họ.
Pihla fi ìka kan pa á rẹ́.
Mo ní, "Dá a padà."
"Ìyá àgbà, àbùkù ni."
"Mo mọ̀. Èmi ni mo já a bọ́. Dá a padà."

Ẹ̀rọ náà húkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà jáde.
Fìlà ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, iwájú orí.
Ìlà kan, ìlà kan, bí ẹni ń hun aṣọ.
Mo ti rò pé ìdúró bá omi yẹn lọ,
àfi bí mo ṣe rí i pé mo di etí tábìlì mú,
tí mò ń kà, tí mò ń retí ojú.
Ojú dé. Ó ń wò mí.
Imú dé.
Ẹnu ló kàn, ni ínkì bá tán.
Pihla ṣépè kan tí n kò mọ̀ pé ó mọ̀.
Owó ínkì yẹn tó ra ẹja ọ̀sẹ̀ méjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, láìlẹ́nu.
Nígbà ayé rẹ̀ pàápàá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

A ti tú pákó fèrèsé. Iná ti ń jó padà nílé ìwẹ̀.
Bí ooru bá mú, àga náà ṣì ń mí òórùn kíkan síta.
Àwo kan ṣoṣo ni n kò dà nù.
Ẹnu ọ̀nà ló wà, bàtà là ń tò sínú rẹ̀.
Lálẹ́, yìnyín á yọ́ kúrò lára bàtà Pihla,
omi á dúró sínú àwo, pẹrẹsẹ.
Mo mọ̀ pé omi lásán ni.
Síbẹ̀ mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wò ó,
ogún,
mọ́kànlélógún