Àpá Ìsàlẹ̀ Ife

Ogójì ọdún ni mo fi fẹ́ gíláàsì ní ìlú Erlangen,
iná níwájú mi, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu mi.
Ẹ̀kọ́ kan ni ọ̀gá mi fi di mí létí nígbà tí mo wà lọ́mọṣẹ́:
"Alwin, má jẹ́ kí atẹ́gùn sùn sínú iṣẹ́ rẹ.
Ìléròrò kan, bó ti wù ó kéré mọ,
ibẹ̀ ni yóò ti là lọ́jọ́ tó bá gbóná."
Mo kórìíra wọn. Mo máa ń wá wọn
bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ.

Àfi ìgbà tí Dókítà Gundula Zapf gbé iṣẹ́ wá,
obìnrin gíga tó máa ń gbàgbé kọfí rẹ̀ sójú fèrèsé.
Ó ní kí n ṣe kòkò gíláàsì tí yóò gba ìwọ̀n ooru ọ̀ọ́dúnrún,
kó mọ́ gaara, kí ojú lè rí ìsàlẹ̀.
Epo ni wọ́n fẹ́ rọ sí i,
epo tó ti gbé háídrójìn mì,
tó ń gbé e rìn láìbúgbàmù, láìpariwo,
títí ẹni tó nílò rẹ̀ yóò fi ní, "Ó tó. Bì í."

Epo kì í dá bì. Ó ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́:
òkúta róbótó kan, kò ju ẹ̀wà lọ,
tí wọ́n fi pilatínọ́ọ̀mù ra lára.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, oṣù kejìlá,
òjò dídì bo gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà níta.
Epo gbóná. Òkúta jókòó nísàlẹ̀.
Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.
Agogo méje lù, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.
Gundula ní, "Ó wà níbẹ̀ o. Ó ti kún inú ihò òkúta yẹn fọ́fọ́,
ó ti ju ohun tí epo lè gbà lọ.
Kò kàn mọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ni."

Kò mọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀.
Mo rántí Reinhold, ẹ̀gbọ́n mi, ní Forchheim,
ọkọ̀ ojúirin kò ní lo ogún ìṣẹ́jú débẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá, nítorí ilé ìyá wa.

Mo wá sọ ohun tí gbogbo ọ̀mu lágbègbè wa mọ̀:
bíà inú ife tuntun a máa dákẹ́.
Ife àtijọ́, èyí tí ṣíbí ti ha nísàlẹ̀,
òun ni ìhó ń ti inú rẹ̀ gòkè
ní ìlà kan ṣoṣo, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí kò lópin.
Atẹ́gùn kì í bí ara rẹ̀ sórí ibi dídán.
Ó ń fẹ́ àpá tí yóò fẹ̀yìn tì.

Gundula wò mí. Ó ki wáyà bọ ọrùn kòkò,
ó ha òkúta náà lẹ́ẹ̀kan péré,
bí ológbò tó fẹ́ kí a ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀kan yọ.
Ó kéré ju ojú abẹ́rẹ́. Ó wú, ó mì, ó já,
ó fi díẹ̀ nínú ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú ihò,
díẹ̀ yẹn di ìyá ìkejì, ìkejì bí ìkẹta,
kí n tó mí, gbogbo òkúta ti ń hó ṣùùṣùù.
Méjì pàdé lọ́nà, wọ́n di ẹyọ kan,
wọ́n sáré ju bí wọ́n ti ń sáré lọ.
Bí wọ́n ti ń kúrò ni epo tuntun ń ya wọlé gba àyè wọn.

"Tí wọ́n bá pọ̀ jù," Gundula ní, ó ti ń kọ̀wé,
"wọn yóò bo òkúta bí aṣọ. Epo ò ní fara kàn án mọ́."
Kọfí rẹ̀ ti tutù pátápátá.
Èmi dúró níbi tí ooru gbà mí láyè dé,
mo ń wo gíláàsì tí mo fi èémí ara mi fẹ́:
kò sí ìléròrò kan nínú ògiri rẹ̀, mo lè búra.

Ọjọ́ Àìkú, mo ra ẹja odò méjì, mo wọ ọkọ̀ ojúirin.
Reinhold ṣílẹ̀kùn. Ó wo ẹja, kò wo ojú mi.
"Ọ̀kan ti já nírù," ó ní.